Àpò Ìrẹsì, Rọ́bà Ọ̀dà àti Ebè: Èwo Ló Ń Mú Kí Iṣu Ta ní Èkìtì?

Ẹni tó bá ní ilẹ̀, kó kọ ebè. Ẹni tí gbogbo àgbàlá rẹ̀ ti di sìmẹ́ǹtì, bí ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Adó-Èkìtì ṣe rí báyìí, kó wá àpò ìrẹsì 50 kílò, méjì fún iṣu kọ̀ọ̀kan, kó ki ọ̀kan bọ inú èkejì. Rọ́bà ọ̀dà 20 lítà dára fún ọ̀dùnkún, àtalẹ̀ àti kárọ́ọ̀tì, àmọ́ kò gba iṣu. Àpò aláṣọ dúdú tí wọ́n ń rán fún ọ̀gbìn, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò burú, owó rẹ̀ ló ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Táyà ọkọ̀ la ò fọwọ́ sí rárá. Ìdájọ́ wa nìyẹn. Ìdí tí a fi dá a bẹ́ẹ̀ ló kù.

Ebè la fi ń wọn àwọn yòókù, torí ebè ni iṣu mọ̀. Iṣu kì í jà wọlẹ̀ bí ẹ̀gẹ́. Ibi tó fi ń wọlẹ̀ rọ̀, ó sì funfun. Ibi tí ilẹ̀ bá ti gbà á láyè ló máa ń tọ̀. Bó bá kan òkúta tàbí ilẹ̀ líle, yóò lọ́, tàbí kó ya ìka bí ọwọ́ èèyàn, ẹni tó ń bó o á sì fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò sínú èèpo. Tí a bá kọ ebè tó ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ilẹ̀dú tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ la kó jọ sójú kan, iṣu á wá rí ilẹ̀ rírọ̀ tó jìn ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ olókè bíi ti Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí ọkọ́ kì í pẹ́ kan òkúta, àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré. Ebè tún ń jẹ́ kí omi ṣàn kúrò lára iṣu. Ibi tí omi bá dúró sí fún ọjọ́ mélòó kan, afẹ́fẹ́ á tán nínú ilẹ̀, ara iṣu á rọ̀, ó di rírà.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta péré la máa ń bi àpò tàbí rọ́bà yòówù: ṣé ó jìn tó, ṣé omi ń jáde, ṣé ilẹ̀ inú rẹ̀ kì í gbóná jù? Àwọ̀ rẹ̀ àti orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò kan iṣu.

Àpò ìrẹsì

Àpò oníke tí wọ́n hun, tí ìrẹsì 50 kílò ń wà nínú rẹ̀, máa ń fẹ̀ tó 55 sẹ̀ǹtímítà bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí a bá rọ ilẹ̀ sí i, ó di róbótó, ìbú rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi 35 sẹ̀ǹtímítà. Rọ ilẹ̀ sí i dé gíga 60 sẹ̀ǹtímítà, kí o ká ẹnu rẹ̀ tó kù sílẹ̀ bí ẹni ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ohun tó gbà nígbà náà tó lítà 58, ìyẹn rọ́bà ọ̀dà mẹ́ta ó dín díẹ̀. Iṣu kan ṣoṣo ni àyè yẹn tó fún. Ẹni tó bá ki èébù (iṣu gígé tí a ń gbìn) méjì bọ̀ ọ́ torí pé ojú rẹ̀ dà bí ibi tó gbòòrò, iṣu wẹ́wẹ́ méjì ló máa wa.

Àpò gààrí ńlá tó ń gba 100 kílò tún sàn ju ti ìrẹsì lọ bí a bá rí i. Àpò sìmẹ́ǹtì kúrú jù, ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ sì ń ba ilẹ̀ jẹ́. Àpò kòkó, èyí tó rí bí okùn, tó máa ń yún ni lára, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, àmọ́ òjò ń jẹ ẹ́; ìdí rẹ̀ á ti já kí iṣu tó gbó. Àpò tó ti gbé oògùn kòkòrò tàbí oògùn koríko rí, ẹ má mú un wọ ilé.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà la ti ń rí àlòkù tó mọ́, yálà ní Ọjà Ọba ní Adó tàbí lọ́jà Ìkéré. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé àpò náà sókè sí òòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú rẹ̀ bí ìgbà tí a wo asẹ́, ó ti gbó. Ẹ tún fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra etí rẹ̀. Òwú tó ṣì ní agbára á máa yọ̀ lọ́wọ́. Èyí tí òòrùn ti jẹ á fọ́ sí ìyẹ̀fun funfun, á sì lẹ̀ mọ́ ìka. Àpò tó bá ń yọ ìyẹ̀fun lóṣù kejì kò lè dé oṣù kẹwàá.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ ki ọ̀kan bọ inú èkejì. Òòrùn ni ọ̀tá àpò oníke. Èyí tó wà níta ló máa jìyà, èyí tó wà nínú á gbé ilẹ̀ dúró títí iṣu á fi gbó. Bí ẹ bá tún rí imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ fi yí àpò náà ká ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òòrùn ọ̀sán ti ń gbóná jù. Kì í ṣe àpò nìkan ni ìyẹn ń gbà là. Ilẹ̀ inú àpò tó wà lórí sìmẹ́ǹtì máa ń gbóná ju ti inú ebè lọ, torí pé òòrùn ń bà á lójú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, sìmẹ́ǹtì tún ń ta ooru bá a láti ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò tó bá dé etí àpò níbẹ̀ á gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ihò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe. Wọ́n á lu ihò sí ìsàlẹ̀ nìkan, wọ́n á sì gbé àpò lé orí sìmẹ́ǹtì. Ilẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn á dí gbogbo ihò pa. Ẹ lu ihò 8 sí ẹ̀gbẹ́, 5 sẹ̀ǹtímítà sókè láti ìsàlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìka ọmọdé, kí ẹ sì lu 6 mìíràn sí ìdí rẹ̀. Irin gbígbóná ni kí ẹ fi lù ú. Iná á yọ́ etí ihò náà pọ̀, kò ní máa tú. Ihò tí a fi ọ̀bẹ dá máa ń tú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di yíya. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àpò lé búlọ́ọ̀kù méjì tàbí pákó méjì, kí ìdí rẹ̀ má kan ilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn gbà pé òkúta ń fa omi jáde, òdìkejì rẹ̀ ló sì ń ṣe. Omi kì í fi ilẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ wọ àárín òkúta àyàfi tí ilẹ̀ náà bá rin gbingbin. Òkúta á kàn gbé ibi tí omi dúró sí sókè, á sún un mọ́ ìdí iṣu, á sì tún gba àyè tí iṣu ì bá fi gùn.

Àpò tó kún tó sì rin wúwo tó 75 kílò, àpò sìmẹ́ǹtì kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ibi tó máa wà ni kí ẹ gbé e sí kí ẹ tó rọ ilẹ̀ sí i, torí pé bí ẹ bá wọ́ ọ lẹ́yìn náà, yóò ya. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ṣírò rẹ̀: àpò mẹ́wàá lórí bákónì jẹ́ 750 kílò. Mẹ́ta lẹ́bàá ògiri tó, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ inú àpò

Ilẹ̀dú nìkan kò tó. Bí a bá ń bu omi sí i fún oṣù kan, yóò dì bí búlọ́ọ̀kù, torí pé kò sí ekòló tó pọ̀ tó ń tú u bíi ti oko. Ìwọ̀n tí a fọkàn tán fún àpò márùn-ún nìyí, rọ́bà ọ̀dà 20 lítà la fi wọ̀n ọ́n: ilẹ̀dú 9, iyanrìn odò 3, èèpo ìrẹsì 3, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 360. Àpò márùn-ún kò gbà ju 290 lọ lójú, àmọ́ ilẹ̀ yìí máa rọlẹ̀ ní nǹkan bí ìdámárùn-ún lẹ́yìn òjò mélòó kan, ẹ ó sì nílò èyí tó ṣẹ́kù láti fi kún un. Ẹ bu eérú igi agolo mílíìkì méjì sí àpò kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèpo ìrẹsì la fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó ń tú ilẹ̀. Ìgbẹ́mọ, ìlú tí ìrẹsì rẹ̀ lókìkí, kò jìnnà sí Adó, èèpo rẹ̀ sì máa ń jọ rẹpẹtẹ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bó o. Kì í tètè jẹrà. Oṣù mẹ́jọ tí iṣu fi wà nínú àpò, èèpo náà á ṣì wà níbẹ̀, tí yóò máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti omi rí ọ̀nà. Ìyẹ̀fun igi tútù láti sọ̀míìlì kò lè rọ́pò rẹ̀. Bó bá ń jẹrà lọ́wọ́, oúnjẹ tó yẹ kó mú ewé iṣu dúdú ló ń fà sára, ewé á pọ́n lóṣù kejì, ẹni tó gbìn ín á rò pé àìsàn ni. Bí ìyẹ̀fun igi bá ti ju ọdún kan lọ nílẹ̀ lábẹ́ òjò, tó ti dúdú, a lè fọwọ́ sí i.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó èébù. Kí ẹ bomi rin ín, kí ẹ kó o jọ, kí ẹ máa yí i padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Bó bá ṣì gbóná, tàbí tí òórùn rẹ̀ ń ta ní imú, kò tíì jinná.

Èébù, ọ̀pá àti omi

Orí iṣu ló ń tètè hù jù, ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e, àárín ló ń pẹ́ jù. Fún àpò, orí ni kí ẹ gbìn, kó wọ̀n tó 250 sí 300 gíráàmù, ìyẹn èyí tó kún àtẹ́lẹwọ́ dáadáa. Èébù kékeré 25 gíráàmù tí àwọn olùwádìí ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn Umudike àti ti IITA ní Ìbàdàn gbé kalẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n tó dára gan-an fún ẹni tó fẹ́ sọ iṣu kan di èébù púpọ̀, àmọ́ iṣu tó máa ń mú jáde kéré. Odindi àpò kan fún un jẹ́ ìfàyèṣòfò. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé e, ẹ yí ojú tí ẹ gé nínú eérú, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ìbòòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó tó gbìn nígbà tí ojú ọgbẹ́ náà bá ti gbẹ, tó le bí awọ lábẹ́ ìka. Èyí tí wọ́n gé láàárọ̀ tí wọ́n gbìn lọ́sàn-án sábà máa ń rà kó tó hù.

Ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹrin la ń gbìn ín sínú àpò. Ẹ ki í wọlẹ̀ ní 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ dé orí ilẹ̀ bí fìlà, kó nípọn tó 5 sẹ̀ǹtímítà. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọlẹ̀ dáadáa, òòrùn lè se èébù nínú ilẹ̀ tí kò ní fìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà níbẹ̀.

Ọ̀pá ọparun tó gùn tó mítà 2.5 sí 3 ni ọwọ́ iṣu, ìyẹn ìtàkùn rẹ̀, nílò. Ẹ má gún un sínú àpò. Atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ lágbára, bó bá mi ọ̀pá, àpò á mì, gbòǹgbò á já. Ìdí ọ̀pá náà sì lè gún iṣu lójú kó tó dàgbà. Ẹ̀yìn àpò ni kó dúró sí, kí ẹ so ó mọ́ ògiri tàbí fẹ́ńsì. Okùn tó nípọn tí a ta láti ìdí àpò sí eteetí òrùlé náà dára.

Ní ti omi, ẹ fi ìka wádìí. Ki ìka wọlẹ̀ dé oríkèé kejì: bí ibẹ̀ bá gbẹ, bu lítà 4 sí 5, bó bá ṣì tutù, fi í sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn á máa jẹ́ ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú, ó tutù, wọ́n á rò pé ilẹ̀ rin, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣu ń sanra lọ́wọ́ lákòókò yẹn gan-an. Àpò tó bá gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ á fi hàn lára iṣu: ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, bíi pé wọ́n fi okùn dì í.

Ajílẹ̀ òyìnbó kò yẹ kó wọ inú rẹ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Oúnjẹ inú èébù ni iṣu fi ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí a bá sì dà síbẹ̀ lásìkò yẹn, òjò á kó o gba ihò jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, NPK 15-15-15 ṣíbí ìjẹun kan, kí ẹ wọ́n ọn yí etí àpò ká, jìnnà sí ìdí iṣu, kí ẹ sì bò ó. Ṣíbí kan sí i ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ó parí.

Ṣé iṣu àpò ṣeé gún?

Ní Èkìtì, ìbéèrè yìí ló ń gbẹ̀yìn gbogbo ìbéèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣu tó tóbi tí kò ṣeé gún, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ó ṣeé gún, bí a bá jẹ́ kó gbó. Iṣu funfun tó wọ̀n tó kílò 2 sí 3 nínú àpò ti ṣe dáadáa, kò sì sí ohun tó wà nínú oníke tó ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń sọ iṣu àpò di olómi, tí iyán rẹ̀ fi ń rọ̀ jọ̀bọ̀ tí kì í fà, ni omi tí wọ́n ń bù sí i títí dé ọjọ́ tí wọ́n máa wa á, àti ajílẹ̀ àbùjù tí wọ́n ń dà sí i nígbà tí ewé ti ń pọ́n. Tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ dáwọ́ omi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ iṣu gbẹ pátápátá lórí ọ̀pá. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi àdá tàbí ọkọ́ wa á: ẹ fi ọ̀bẹ la àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ilẹ̀ dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àǹfààní kan tí àpò fi borí ebè nìyí, iṣu kì í ní ọgbẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí òòrùn kò dé, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó gbé odó jáde.

Ewùrà náà máa ń ta nínú àpò, àmọ́ òjòjò àti ìkọ́kọrẹ́ ni tirẹ̀. Ẹ má retí iyán lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àpò ìrẹsì gba 7 nínú 10 lọ́wọ́ wa. Máàkì tó pàdánù, ti òòrùn tó ń jẹ ẹ́ ni. Òwú tó bá ti gbó máa ń já wẹ́wẹ́ wọ inú ilẹ̀, wọn kì í sì í jẹrà. Ẹni tí kò bá ṣà wọ́n kúrò kí ó tó da ilẹ̀ náà nù sí ẹ̀yìnkùlé, á máa rí wọn nínú ẹ̀fọ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Rọ́bà ọ̀dà

Rọ́bà 20 lítà ga tó nǹkan bíi 37 sẹ̀ǹtímítà. Iṣu á ti kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, á wá pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Nítorí náà, a yọ iṣu kúrò níbẹ̀. Rọ́bà ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ni kí ẹ lò, kí ẹ fọ èyí tó gbẹ mọ́ ọn lára kúrò pátápátá. Èyí tó gbé ọ̀dà elépo tàbí kẹ́míkà rí, rárá. Ihò 6 ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́bàá ìsàlẹ̀, ilẹ̀ kan náà bíi ti àpò, àfi pé ìgbẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì.

Ọ̀dùnkún ló dára jù níbẹ̀. Ẹ gé ọwọ́ rẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kó ní oríkèé mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ ri ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹyọ kan fún rọ́bà kan. Oṣù mẹ́rin péré. Bó bá yọ ewé rẹpẹtẹ tí kò ta, ajílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ máa bu ilẹ̀ bo ibi tó bá là lójú rọ́bà, torí inú ìlàjí yẹn ni kòkòrò ọ̀dùnkún ń gbà wọlé láti yé ẹyin, ọ̀dùnkún tó bá sì ti jẹ á korò débi pé ẹran ilé pàápàá ń kọ̀ ọ́.

Kárọ́ọ̀tì gba sùúrù, ó sì ń bi wá nínú pé àwọn tó ń ta irúgbìn rẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Kò fẹ́ràn ooru. Nínú ooru Èkìtì, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, kúkúrú, ràndánràndán àti líle ló máa ń jẹ́. Ìgbà tí ojú ọjọ́ tutù díẹ̀, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ni kí ẹ gbìn ín. Kò fẹ́ kí a lọ́ ọ tún gbìn; ibi tí irúgbìn rẹ̀ bá bọ́ sí ni kó wà, ní 1 sẹ̀ǹtímítà péré sínú ilẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù, ojú ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbẹ rí láàárín ìgbà náà. Ẹ fa èyí tó pọ̀ jù tu, kí 5 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn. Bó bá ya ẹsẹ̀ méjì, ẹ wá òkúta tàbí ìgbẹ́ tí kò jinná nínú ilẹ̀ yín.

Àtalẹ̀ rọrùn: 5 sẹ̀ǹtímítà wọlẹ̀, ìbòòji díẹ̀, oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Kókò náà gbà á, pàápàá níbi tí omi òrùlé ti ń kán sí.

Rọ́bà gba 8 fún àwọn wọ̀nyí, òdo fún iṣu.

Àpò aláṣọ tí wọ́n rán ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí gbòǹgbò mí dáadáa, ó sì ń lò ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo ni omi ń gbà jáde. Ní àsìkò ọyẹ́, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa bu omi sí i. Fún ẹni tó ń jáde nílé láàárọ̀ tí kì í wọlé títí alẹ́, kò ṣeé gbára lé. Ẹ tún ka lítà tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó rà á, ẹ má wo àwòrán: èyí tó kéré sí lítà 50, ti ẹ̀fọ́ ni. Ti táyà, ó dúdú, ó ń gbóná, roba rẹ̀ sì ní oríṣiríṣi kẹ́míkà tí a kò fẹ́ nítòsí ohun tí a ó sè fún ọmọ. Ẹ fi gbin òdòdó.

Ebè, àti àwọn tó ń kọ ọ́

Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wà, kódà kó jẹ́ àyè mítà mẹ́ta níbùú lóròó lẹ́yìn ilé, ebè mẹ́sàn-án nìyẹn, wọn yóò sì mú iṣu tó ju ti àpò mẹ́sàn-án lọ, pẹ̀lú omi tó kéré gan-an sí i. Ìdí ni pé gbòǹgbò iṣu kì í dúró sínú ebè nìkan, ó ń tàn lọ sí gbogbo àyíká láti wá oúnjẹ, àpò sì ti sé èyí mọ́.

Ẹ ṣán koríko, ẹ má dáná sun ún. Ẹ kọ́kọ́ tú ilẹ̀ ibi tí ebè máa jókòó sí dé 20 sẹ̀ǹtímítà. Ìṣísẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ọkọ́ fa ilẹ̀dú àyíká rẹ̀ jọ lé e, kó fẹ̀ tó mítà kan nídìí, kó ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Ní àkùrọ̀, ẹ jẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi ìsàlẹ̀ máa gòkè nígbà òjò. Bí ẹ bá fẹ́ ri koríko sínú ebè, kó jẹ́ gbígbẹ, kí ẹ sì ṣe é ní oṣù kan ṣáájú gbígbìn. Koríko tútù máa ń gbóná bó ṣe ń jẹrà, ó sì ń fi ihò sílẹ̀ láàárín, iṣu tó bá bọ́ sínú ihò yẹn á dá ṣíṣe sanra dúró níbẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí ebè ìlà kejì dúró sí àárín méjì ti ìlà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá tò léra láti òkè dé ìsàlẹ̀, àárín wọn á di ọ̀nà àgbàrá, òjò méjì péré á sì kó ilẹ̀dú yín lọ bá aládùúgbò.

Ọ̀pọ̀ ló ń sanwó fún alágbàṣe, tí wọ́n ń ka ebè ní igba-igba. Iṣẹ́ yìí le, ẹni tó bá ṣe é dáadáa yẹ kó gba owó gidi, láìjẹ́ pé a ń dú u lọ́rùn. Ṣùgbọ́n torí pé iye ebè ni wọ́n ń kà, tí wọn kì í ka ìjìnlẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn á kàn fa ilẹ̀ tó rọ̀ bo orí ilẹ̀ líle tí ọkọ́ kò kàn rí. Lókèèrè, ebè náà rẹwà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà kan, kí ẹ sàmì sí i ní 70 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ tì í wọ inú ebè mẹ́wàá níbi tó wù yín, ní ọwọ́ kan, láìfi ara tẹ̀ ẹ́. Nínú ebè gidi, ọ̀pá á lọ wẹ́rẹ́ dé àmì. Nínú ti àbòmọ́lẹ̀, yóò dúró ní 40 tàbí 50, ẹ ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe kan ilẹ̀ líle. Bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá dúró bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un kọ. Ẹ sọ ìdánwò yìí fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó má di ìjà.

Nígbà tí òjò bá ti lu ebè fún oṣù méjì, ó máa ń rọlẹ̀ láti 60 sí bíi 45. Ẹ fa ilẹ̀ sí i padà nígbà tí ẹ bá ń ro oko lẹ́ẹ̀kejì, torí iṣu tí orí rẹ̀ bá yọ síta á di aláwọ̀ ewé, òkété á sì kọ́kọ́ rí i kí ẹ tó rí i. Ní ti òkété, kò sí bí ebè ṣe lè dáàbò bo iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tó bá ti pọ̀, àpò lórí sìmẹ́ǹtì ló sàn. Ikán ni kí ẹ máa ṣọ́ lábẹ́ koríko tí ẹ fi dé ebè: ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ wọn, ẹ kó koríko náà kúrò, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò.

Ebè gba 9 nínú 10.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ má gbin iṣu sínú ilẹ̀ àpò ti èṣí. Aràn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí máa ń kù síbẹ̀, àwọn ló ń mú kí ara iṣu rí kókókókó, tí inú rẹ̀ fi ń gbẹ ní pípọ́n. Ewédú kò dára láti gbìn tẹ̀ lé e, torí àwọn aràn náà fẹ́ràn gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ̀pà ló yẹ. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbin nǹkan, ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà sórí ọ̀rá dúdú, kó má nípọn ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ bomi rin ín díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá tí ojú ń là kọjá bò ó, kí ẹ sì fi òòrùn oṣù kìn-ín-ní se é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èèpo ìrẹsì tuntun rọ́bà kan fún àpò méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó jinná rọ́bà kan, ó tún ti tó lò ní ìparí oṣù kejì.